Èkúté Inú Ihò Ẹ́ńjìnnì

Ìgbà ìkẹyìn tí obìnrin yìí gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, orí fóònù ni. Ọkùnrin náà ti lọ sí ìlú ńlá lọ ra státà tuntun, irin tó ń jí ẹ́ńjìnnì, fún ọkọ̀ ojú omi wọn, ó sì ń pariwo bí ẹni tó rò pé agbára ohùn òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ó ní, "Mo ti rí i rà o, Èkúté. Gé èékánná rẹ dè mí. Lọ́la ni wàá wọlé." Obìnrin náà ní òun gbọ́, kó má gbàgbé láti jẹun kó tó sùn. Ọkọ jẹun lóòótọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sùn sí, kò sì jí mọ́. Inú àpò tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí ni státà bá délé. Obìnrin náà tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹkún sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀rín ló pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju ẹkún lọ.

Ìdí tó fi ń jẹ́ Èkúté nìyí. Ìdí ọkọ̀ wọn ni ẹ́ńjìnnì wà, nínú ihò kan lábẹ́ pákó, ó jókòó síbẹ̀ fẹ̀kẹ̀tẹ̀ bí aboyún tó jókòó sórí àga ọmọdé. Àyè tó kù láàárín òun àti ara ọkọ̀ kò ju ìbú ìrọ̀rí lọ. Géńdé ni ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Lọ́dún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, sípánà já bọ́ sínú ihò náà, ọkùnrin náà fi gbogbo ọ̀sán wá a pẹ̀lú wáyà àti èpè. Ìyàwó tú gèlè, ó rá wọlé, ó sì há sípánà sẹ́nu jáde. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọkọ á dojú bolẹ̀ lórí pákó, á na orí àti tọ́ọ̀ṣì sínú ihò, ìyàwó á wà nísàlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í pe ọ̀tún, wọn kì í pe òsì, nítorí wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀tún ẹnìkan sì ni òsì ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn ká lóṣù àkọ́kọ́. Ìgbà tó yá ni ọkọ rí ọgbọ́n kan dá sí i. Apá kan náà ni wọ́n máa ń so ọkọ̀ wọn sí, imú rẹ̀ á kọ sí òkè odò, ilé wọn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibú á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Tí a bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì, ká fa sípánà sílé. Tí a bá fẹ́ dì í, ká tì í síbú. Sílé, síbú, kò sí ìjà mọ́.

Ó wá ku státà. Ọmọ wọn àgbà tó ń ṣiṣẹ́ nílùú ńlá ti rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà fún irin àlòkù. Ọmọ dáadáa ni, kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa wo òkú ọkọ̀ láràárọ̀. Ó ní tí kò bá ti lè ṣiṣẹ́, kí wọ́n tà á, ọjọ́ Sátidé ní aago mẹ́rin ni òun àti oníbàárà náà máa dé. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé òdìkejì odò, tí ọkọ̀ yìí máa ń gbé kọjá láàárọ̀, ṣì ń bi obìnrin náà léèrè ìgbà tí ọkọ̀ wọn máa padà. Mẹkáníìkì wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ó na ọwọ́ sínú ihò, ọwọ́ há. Ìgbà tí wọ́n fa á yọ tán, ó ní àfi kí wọ́n fi kéréènì gbé odindi ẹ́ńjìnnì jáde.

Obìnrin náà ò bá a jiyàn. Láàárọ̀ Sátidé ó gé èékánná, ó wọ ṣòkòtò olóògbé, ó fi okùn di ìbàdí rẹ̀, ó sì gbé státà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì, ó tún ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Nígbà yẹn ọkùnrin náà rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ní báyìí àgbá ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyàwó bá sọ ọmọ ọkọ, orúkọ yẹn ò gbọ́ pé ẹnì kan ti sanra. Òun ló wọ́ ọkọ̀ wá láti abẹ́ igi tí wọ́n so ó mọ́, ó sì so ó mọ́ èbúté.

Ó ní, "Ìyàwó, tí o bá há síbẹ̀ ńkọ́? Ọmọ rẹ á ta ìwọ àti ẹ́ńjìnnì pọ̀ o."

Èkúté ní, "Ẹ jẹ́ kó tà wá. Ẹ̀yin ni mo dúró dè kẹ́ ẹ wọlé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ bọ́ sí i."

Ó yọ wáyà bátìrì kúrò, ó rá wọlé, mẹkáníìkì sì ń tanná sí i. Ọwọ́ rẹ̀ bá nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tó ń di státà mú láìwò ó. Ó ń gbọ́ maṣíìnì arábìnrin aránṣọ tí ògiri pín òun àtirẹ̀, ó mọ̀ pé ibẹ̀ nilé. Ó fa sípánà sílé. Nọ́ọ̀tì ò mira. Ó tún fa á. Wọ́n da epo sí i, wọ́n dúró kó mu epo, ó tún fa á, ó ní kí wọ́n na páìpù sí òun kí òun lè fi mú sípánà gùn sí i. Bó ṣe ń fa á ni nọ́ọ̀tì ń le sí i. Mẹkáníìkì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, tó bá já, ó parí. Aago méjìlá lọ, aago kan lọ, òógùn ń ro sójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ronú pé bóyá ọwọ́ òun náà ti kú pẹ̀lú ẹni tó ń darí rẹ̀.

Ìgbà náà ló ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ òun ló súnmọ́ maṣíìnì aránṣọ ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ìtànṣán oòrùn ń bọ́ sí èjìká tí kì í bọ́ sí rí.

Ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ibo lẹ kọ imú ọkọ̀ yìí sí?"

"Ìsàlẹ̀ odò ni. Ibẹ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn."

Ni ẹ̀rín bá bú jáde nínú ihò, tí pákó fi ń gbọ̀n. Láti àárọ̀ ló ti ń di nọ́ọ̀tì tó fẹ́ tú. Ó ṣàlàyé fún wọn, mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín títí tọ́ọ̀ṣì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò burú, kí Màmá kàn fa á sódìkejì.

"Rárá o, ọmọ mi," ló dá a lóhùn. "Ọwọ́ mi ò mọ òdìkejì. Ẹ yí ọkọ̀ padà."

"Ẹ kọ́kọ́ jáde ná, Màmá."

"Mo ti dùbúlẹ̀ sí àyè mi. Ẹ yí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yí i, pẹ̀lú Èkúté nínú rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fa okùn, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, mẹkáníìkì fi ọ̀pá ti ìdí ọkọ̀ kúrò lára èbúté. Aránṣọ jáde wá wòran, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá kiri. Ìgbà tí ilé padà sí àyè ilé, obìnrin náà gbé gbogbo ara lé sípánà, ó fa á. Nọ́ọ̀tì ké kín-ín, ó tú. Èkejì tẹ̀ lé e bí ọmọ tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dìde. Ẹ̀kẹta kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kó tó rìnrìn àjò.

Wọ́n fa státà àtijọ́ jáde, wọ́n sọ tuntun sísàlẹ̀. Ó gbé e lé àyà, ó wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́fà, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ náà títí ó fi wọ ihò rẹ̀. Nọ́ọ̀tì méjì, síbú, síbú, ó le dan-in. Ó so wáyà padà, ó rá jáde, ojú rẹ̀ dúdú fún epo, eyín nìkan ló funfun.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bú ramúramù. Aránṣọ jó. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jó, èbúté sì mọ̀ ọ́n lára.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni ọmọ dé pẹ̀lú oníbàárà. Òkèèrè ni wọ́n ti gbọ́ ariwo náà. Oníbàárà ní òkú ni wọ́n ní kí òun wá gbé, òun kì í gbé alààyè, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ọmọ dúró, ó wo ṣòkòtò bàbá rẹ̀ lára ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ wọ ibẹ̀?"

"Ta ló tún lè wọ ibẹ̀?"

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bojú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ títà mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ pé ọkọ̀ máa gbé wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló máa wà á.

Nọ́ọ̀tì kẹta ló kù. Òkè ni wọ́n ti ń fi ìyẹn sí i, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, apá tó gùn bíi ti olóògbé nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbìyànjú, ikùn rẹ̀ ò jẹ́. Mẹkáníìkì gbìyànjú, ó ku bí ìka méjì. Ọmọ náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó nà, ó ku bí ìka kan. Mẹkáníìkì ní nọ́ọ̀tì méjì á di státà mú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má pẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, wọn ò tíì rí apá tó gùn tó.