Òkúta Mẹ́jọ Lórí Pẹpẹ Àwo Orin

Òkúta kẹjọ ni bàbá náà ń gbé lé orí pẹpẹ nígbà tí pákó dún. Kò dún ju bí ìgbà tí àgbàlagbà bá na eegun ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n kó tó dún tán, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, sálúbàtà mi ẹsẹ̀ kan sì ti kù sínú lẹ́búlẹ́bú igi. Bàbá ò sá ní tiẹ̀. Ó gbé etí lé pákó bí agbẹ̀bí ṣe ń gbé etí lé ikùn aboyún, ó tẹ́tí títí, ó wá ní, "Kò tíì sunkún. Ó ń wá bí yóò ṣe jókòó ni."

Káfíńtà ni, aládùúgbò wa ní Iléṣà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti yàrá tí a ń sùn. Ìfági rẹ̀ ló ń jí mi láràárọ̀, ṣáàá, ṣáàá, bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ tí kò ní tán. Bó bá ń se àtè tó fi ń lẹ pákó lórí iná, òórùn rẹ̀ á dà bíi pátákò màlúù tó jóná, á sì bo ọbẹ̀ ìyá mi mọ́lẹ̀. Ó ń kan pósí náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jìnnà sí i díẹ̀ bí mo bá ń wòran, kó má lọ fi ojú wọn bí mo ṣe gùn tó.

Káfíńtà olókùúta ni àwọn ará àdúgbò ń pè é lẹ́yìn. Kò sí pẹpẹ tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti gbé òkúta tó wúwo ju ẹrù olówó rẹ̀ lọ. Á ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí iwájú pákó, láti ìkángun dé ìkángun, á fà á kó le, á to òkúta sókè, á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láràárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di ojú kan, á wò ó bóyá àyè ti ń yọ láàrin okùn àti pákó. Àwọn oníbàárà tó ń kánjú a máa bínú. Á sọ fún wọn pé kì í ṣe ọjọ́ tí a gbé ẹrù lé pákó ni pákó ń tẹ̀, ìdúró ló ń tẹ̀ ẹ́.

Pẹpẹ olókùúta mẹ́jọ yẹn kì í ṣe ti oníbàárà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kó àwo orin sílẹ̀ kó tó lọ sí òkè òkun. Bàbá fúnra rẹ̀ ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ó kàn ń kan ibi tí wọn yóò dúró sí ni: igi àfàrà tó nípọn bí àtàǹpàkò, tí ó dá sí yàrá yàrá, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Mo bi í pé ìgbà wo ni ọmọ náà ń bọ̀. Ó fẹ́ eruku kúrò lára ìfági. "Bó bá dé, á bá wọn ní ìdúró," ó ní, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Títí mo fi kúrò ní Iléṣà, mi ò rí ọmọ náà.

Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń retí báyìí. Bruma ni mò ń gbé, ní Johannesburg, àjà kẹta. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan ní Randburg ni mò ń ṣọ́. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ìyàwó mi padà sílé lọ tọ́jú ìyá rẹ̀, a sì fẹnu kò pé màá tẹ̀ lé e ní Disẹ́ńbà. A ò sọ Disẹ́ńbà wo. Ní gbogbo Sátidé ni mò ń ra àwo orin àlòkù, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kúrò nílùú. Mo ń kó wọn sínú páálí, mò ń lẹ ẹnu rẹ̀ pa, mò ń kọ àdírẹ́sì Iléṣà sí i lára, bí àwa ará ilé ṣe máa ń di ẹrù sílẹ̀ de ọkọ̀ ojú omi. Mo tò wọ́n léra títí wọ́n fi ga jù mí lọ. Ẹrù ilé ni. Ta ló ń tú ẹrù ilé wò?

Lọ́sẹ̀ kan, páálí ìsàlẹ̀ bẹ́. Orí àga ni ariwo rẹ̀ bá mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti mọ ibi tí mo wà, tòun ti bàtà. Ọkùnrin tí wọ́n fún ní yunifọ́ọ̀mù kó lè máa lé olè. Nígbà tí àyà mi balẹ̀, mo tú u. Àwọn àwo tó wà nísàlẹ̀ ti tẹ̀ bí etí ajá. Mo fi ọ̀kan sí ẹ̀rọ, ohùn olórin ń gòkè ń sọ̀ bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé. Mo pa á. Yàrá náà wá dákẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo pe Títí ọmọ mi, tó ń gbé ní Fourways. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé kí n lọ ra pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, kí n yé da ara mi láàmú. Mo ní mo ti gbọ́. Mo mú pẹ́ńsùlù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo ya pẹpẹ alájà mẹ́rin, mo dá a sí yàrá yàrá kí pákó má baà gùn jù lábẹ́ ẹrù, mo sì fi pákó sí i lẹ́yìn kó má yẹ̀. Níwọ̀n bí mi ò ti rí òkúta kó wọ ilé onílé, mo pinnu láti fi àpò ìyẹ̀fun àgbàdo dán an wò. Ó wá ku ibi tí n ó ti dè é mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró sí. Ẹni tó ń lọ sílé kì í lu ògiri onílé.

Kí n má purọ́, ilé gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mò ń rò ó pé kí n dé, kí ẹbí jókòó yí mi ká, kí wọ́n ní kí ni mo kó bọ̀, kí n wá na àwo orin àlòkù sí wọn.

Ohun kan wà tí bàbá yẹn máa ń ṣe. Bí pákó bá kùnà, kì í dúró kí olówó rẹ̀ wá bá òun. Á wọ aṣọ tó mọ́, á rìn lọ sílé oníbàárà lọ́sàn-án gangan, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Kò lè gbé e. Ẹ má bínú." Nígbà yẹn, mo rò pé ó ń dójú ti ara rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, mo pe ìyàwó mi. Mo ní, "Ìyá Títí, mi ò ní lè wá ní Disẹ́ńbà. Mi ò sì mọ èyí tí mo máa lè wá. Mò ń kan pẹpẹ síbí." Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti gbé fóònù jìnnà sétí de èébú.

"Bàbá Títí," ó ní, "ọdún mẹ́rin nìyí tí mo ti ń gbá yàrá yẹn dè yín."

Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ń bínú, àti pé òun ò ní gbá a mọ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá pẹpẹ náà ga. Mo ní ó ga jù mí lọ.

"Ẹ dè é mọ́ ògiri dáadáa. Bó bá wó lù yín, kò sẹ́ni tó máa gbé e kúrò lórí yín níbẹ̀."

Mo lu ògiri lọ́jọ́ kejì, mo kan pẹpẹ náà, mo sì dè é mọ́ ọn. Ohun tí mo kọ́ lára bàbá náà kì í ṣe káfíńtà, nítorí ìṣó ṣì ń wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí a ṣe ń rìn lọ sọ ọ́ fún olówó rẹ̀ kó tó já ni mo kọ́, ọdún mẹ́rin ló sì gbà mí láti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi ò pè ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Mo yọ àwo kan tí kò tẹ̀, mo fi sí ẹ̀rọ, mo sì fa àga mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí pẹpẹ náà ò ti lè wó bá mi.