Àbúrò Tí Mo Fi Pamọ́

Ìgbà tí mo ṣì kéré ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ohun tó ń já mi láyà tó nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́. Tí a bá ti tajú kán rí aṣọ funfun lápá Ọjà'ba, a ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ nìkan sì kọ́. Nọ́ọ̀sì a máa béèrè iye ọmọ tó wà nílé, bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gún abẹ́rẹ́ èèyi, ìyá àgbà ní kí n gbé àbúrò mi ọkùnrin wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bó bá fẹ́ sunkún, fọwọ́ bò ó lẹ́nu." Mo fọwọ́ bò ó. Mo ń gbọ́ bàtà nọ́ọ̀sì lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Ìyá, ṣé kò ku ẹnì kankan?" Ìyá àgbà ní kò kù. Nọ́ọ̀sì bá tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn, àfi bí ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ gbọ́mọgbọ́mọ!

Hàà! Kò pẹ́ tí èèyi fi wọ agboolé. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ń ṣeré níta, ara àbúrò mi ń gbóná bí iná. Mo jókòó tì í, mò ń wo àyà rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Oúnjẹ kò wọlé, torí ọwọ́ tèmi yìí náà ni mo fi bò ó lẹ́nu. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́.

Ìyẹn ló sọ mí di òṣìṣẹ́ ìlera. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé kúlà abẹ́rẹ́ kọ́ èjìká lọ sí Kúdẹtì, mo béèrè bí wọ́n ṣe ní kí n béèrè: ọmọ mélòó ló wà nílé? Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn dáadáa, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kọ́ ọ. Ni mo bá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, n kò wá ka ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá kí mi ni." Mo sọ̀rọ̀ ojú àbúrò mi fún wọn. Wọ́n ń yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń fọwọ́ kàn wọ́n lórí, mò ń kà wọ́n nínú ikùn mi. Bí mo ṣe ṣiṣẹ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Ayé ti lajú báyìí. Ìyá àgbà kọ́ ló ń dẹ́rù ba àwọn ìyá ọmọ mọ́, ohun tí wọ́n ń kà lórí fóònù pé abẹ́rẹ́ ń ṣe ọmọ ní jàǹbá ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn alábẹ́rẹ́ wọ agboolé wa. Mo kírun Àsárì tán, mo gbọ́ tí ìyàwó ọmọ mi ń sọ fún wọn pé kò sí ọmọ nílé. Ilé pa lọ́lọ́.

Mo wọ yàrá, mo rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú méjèèjì ọmọ ọmọ mi ń wò mí láti ibẹ̀, wọ́n mọ́ kedere. Mo nawọ́ sí i. "Jáde wá, ọmọ mi, wá kí wọn."