Ọjọ́ tí Agbókùúta Gún Iyán Oníkókó

Òkúta gbígbé ni iṣẹ́ mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Òkúta róbótó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dà, tí kò ní ibi ìdìmú kankan, ni mò ń gbá mọ́ àyà, tí mo sì ń gbé ka orí àgbá níwájú èrò. Ìgbẹ́mọ, ìlú mi, ló ti bẹ̀rẹ̀, nídìí àpò ìrẹsì bàbá mi. Ẹni méjì làwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ń gbé àpò kan sínú ọkọ̀. Wọ́n ní kí èmi lọ máa gbálẹ̀. Inú bí mi, mo dá gbé tèmi.

Nígbà tí mo dé Adó láti kàwé, kóòṣì kan rí mi níbi tí mo ti ń fa ọ̀kadà jáde nínú gọ́tà. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbé òkúta tí ẹ̀yìn kò fi ní dá. Ó ní ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ já ènìyàn kulẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀, ló bá ní kí n máa fi orí ìka nìkan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn yí pápá ká. Ojoojúmọ́ ni mò ń bú u nínú mi. Èèyàn dáadáa ni, kí Ọlọ́run bù kún un. Nígbà tó yá, kò sí obìnrin tó lè di irin wúwo mú pẹ́ tó mi ní gbogbo agbègbè wa.

Àsìkò yẹn ni tíṣà kan láti Ìgèdè ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Kò bẹ̀rù agbára mi rárá. Òun gan-an ló máa ń di táwẹ́ẹ̀lì mi mú níbi ìdíje. Ìyá rẹ̀ ni kò tíì mọ̀ mí. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, pè mí jókòó. Ó ní, "Ìyá wo ló máa gbà kí ọmọ òun fẹ́ ẹni tó lè gbé e jù síta? Tí o bá débẹ̀, máa rọra. Tí wọ́n bá sì ní kí o fi òkúta sílẹ̀, fi sílẹ̀." Ọkùnrin yìí wù mí. Òkúta náà wù mí. Ẹ̀rù ń bà mí kí ìyá má lọ ní kí n mú ọ̀kan.

A dé Ìgèdè. Ìyá gbá mi mọ́ra, wọ́n ní, "Wọ ulé, ọmọ mi." Iṣu ti jiná lórí iná. Wọ́n na ọmọ odó sí mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ àǹtí mi, mo bá rọra ń gún un bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Bí a ṣe jókòó jẹun, ìyá yọ kókó kan nínú iyán, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Wọ́n tún yọ òmíràn. Ní Èkìtì wa yìí! Ọkọ mi ọ̀la tẹjú mọ́ ọbẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ọ̀dàlẹ̀.

Ìyá ní, "Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, mà."

"Àbí wọn kì í gún iyán n'Ígbẹ́mọ ni?"

Ìgbẹ́mọ tí wọ́n mẹ́nu kàn yẹn ló dá gbogbo nǹkan rú. Mo dìde, mo da iyán padà sínú odó. Oòrùn ti ká odó mọ́ àgbàlá, mo bá dá gbé e tòun ti iyán inú rẹ̀ wá sábẹ́ òrùlé, mo sì gún un bó ṣe yẹ kí n ti gún un. Àwọn adìyẹ sá lọ. Ìgbà tí iyán kúnná tán ni mo tó rántí àǹtí mi.

Ìyá ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi wò, wọ́n fi ìka tẹ ibi tó ti le.

"Kí lò ń fi ọwọ́ yìí ṣe?"

"Òkúta ni mò ń gbé, mà. Níbi ìdíje." Mo fẹ́ fi kún un pé tí wọ́n bá ní kí n fi sílẹ̀, màá fi sílẹ̀. Omi ti lé sí mi lójú.

Ìyá kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo wọlé ọkọ, èmi nìkan ni mo máa ń gbé odó yìí. Ìyá ọkọ mi ní wọ́n á máa pè mí ní akọ obìnrin, pé kí n bo agbára mi mọ́ra. Mo bò ó mọ́ra títí ó fi tán lára mi." Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn lé tèmi. "Má bo tìẹ. Ó yá, di ọwọ́ mi mú. Kì í ṣe bí o ṣe gún iyán àkọ́kọ́ yẹn o."

Mo dì í mú. Ìyá náà di tèmi. Mo ti bá obìnrin tó tóbi jù mí lọ díje, mo sì ti fi irin dá ọwọ́ ara mi lóró, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, egungun ìka mi ń ró. Ìyá ń wò mí lójú, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì dẹwọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ pé ó tó.