Ọjọ́ Tí Wọ́n Tò Sẹ́yìn Títíloyè

Ọdún 1971 ni Akínwùmí Títíloyè, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kó dé Oregbeni ní ìlú Bìní láti Iléṣà. Búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe. Kò jẹ́ ta èyí tí kò tíì fi omi rin fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kódà bí oníbàárà ń bú u. Mi ò rí alágídí bí i tiẹ̀ rí.

Lọ́dún 1990, ó ní òun fẹ́ ṣe kánsílọ̀. Omi ẹ̀rọ kò sí ládùúgbò wa, ó sì fẹ́ bá ìjọba jà kí wọ́n lè fà á dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá, ta ló máa dìbò fún ará Iléṣà níbí?"

"Ṣé ìwọ àti ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kọ́ lẹ ṣèlérí fún mi?"

Òótọ́ ni, a ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ìdìbò ọdún náà kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó o bá fẹ́, ẹ̀yìn fọ́tò rẹ̀ lo máa tò sí, kí gbogbo ayé rí ọ. Ọmọ onílẹ̀ ló sì ń bá a du ipò náà. Bí mo ṣe wọ pápá ilé ìwé tí a ti fẹ́ dìbò, mo rí lanlọ́ọ̀dù mi nínú ìlà tọ̀hún, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Mo yà sábẹ́ igi fúrúùtù, àfi bí mo ṣe bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló tò sẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

Ni màmá àgbà kan, ọmọ Bìní pọ́ńbélé, bá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Ó kígbe sí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlà kejì: "Wetin una dey fear? My house, na this man block. E never crack!"

Àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Kápẹ́ńtà kan tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà n kò lè kà wọ́n mọ́. Ìlà náà gùn títí ó fi yí kíláàsì po. Orí mi wú. Onílẹ̀ ń tò sẹ́yìn àlejò lójúmọmọ!

Wọ́n kà wọ́n tán. Ènìyàn mọ́kànlá ni ìlà tọ̀hún fi ju ti Bọ̀ọ̀dá lọ. Mo ka àwa tí a wà lábẹ́ igi: mẹ́tàdínlógún.

Ojú tì mí, mi ò lè lọ bá a. Òun ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn níwájú màmá yẹn, tòun ti agbádá funfun lọ́rùn, ó ń dúpẹ́ bí ẹni tó wọlé.