Kí Mùsílímátù Tó Tajé

Ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan wá sí Lọ́kọ́jà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ̀dọ́ mẹ́fà ní ọjà títà. Owó oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yege, wọn yóò gbà á síṣẹ́. Sámúẹ́lì ló gba fọ́ọ̀mù fún Bámiṣayé àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ìwé mẹ́fà péré lo kà. Fi ẹnu ẹ kún un."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ̀kọ́ náà parí ni Sámúẹ́lì kú. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbé e lọ sílé ní Ìyàrà, Bámiṣayé sì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Nígbà tó fi padà dé, àwọn márùn-ún yòókù ti rí ìsọ̀ tí yóò máa gba ọṣẹ lọ́wọ́ wọn. Òun nìkan ló kù. Nílé, nínú yàrá kan lẹ́bàá gbàgede Paparanda, Salome ìyàwó Sámúẹ́lì jókòó pẹ̀lú ọmọ oṣù márùn-ún. Ojú Bámiṣayé nìkan ló ń wò.

Ọ̀gá Jacob tó ń kọ́ wọn kì í ṣèèyàn burúkú, àmọ́ kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

"Bámiṣayé, ọ̀la lópin. Ìsọ̀ kan ṣoṣo. Aago mẹ́wàá ni mo máa wá sọ́jà. Bí o ò bá rí i, gbé àpò wa sílẹ̀." Ó wò ó títí. "Kó o sì máa rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún?"

"Mi ò sunkún, sà."

"Ojú ẹ ń sunkún."

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì bá a ní Ọjà Àtijọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn: dé kí ẹlòmíì tó dé. Ó yà sí ìsọ̀ Mùsílímátù, obìnrin ará Ìlọrin tí ìyá rẹ̀ àgbà ti ń tajà níbẹ̀. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ ni.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ọṣẹ tuntun ni mo gbé wá, ó ń hó bí..."

"Dákẹ́!" Ó na ìgbálẹ̀ sí i. "Mi ò tíì tajé, o ní kí n wá ra ọjà? Ṣé kí owó máa jáde lọ́wọ́ mi títí ilẹ̀ fi máa ṣú ni? Ta ló rán ẹ sí mi?"

Obìnrin ìsọ̀ kejì bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ọ̀kún, wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Wọ́n kọ́ ọ. Ìyá tiẹ̀ náà tajà. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé a kì í gbowó lọ́wọ́ ọlọ́jà kó tó tajé. Ẹ̀kọ́ Ọ̀gá Jacob ló mú un gbàgbé.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n dúró títí ẹ ó fi tajé."

"Dúró. Ṣùgbọ́n jìnnà sẹ́nu ọ̀nà mi. Ojú tó o gbé wá yìí á lé oníbàárà."

Ó dúró. Aago mẹ́jọ lù. Aago mẹ́sàn-án lù. Èèyàn ń kọjá, wọn ò yà. Mùsílímátù ń wò ó bí ẹni tó sáṣọ ṣe ń wo òjò tó ṣú. Nígbà tó yá, ó ṣàlùwàlá, ó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ kírun wálàhá ti ìyálẹ̀ta.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkùnrin Nupe kan gòkè láti etí odò. Ó dúró, ó yọjú, kò rí ẹnì kan. Mùsílímátù wà lórí ìrun, kò lè sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà yí ẹ̀yìn padà. Àwọn ọmọ Nupe ni Bámiṣayé bá ṣeré dàgbà. Ó fi èdè wọn kí i. Ọkùnrin náà padà. Páálí ọṣẹ márùn-ún ló ń wá fún àwọn ará abúlé òdìkejì odò. Ó nàka sí ọṣẹ tí Mùsílímátù tò kalẹ̀, ọṣẹ ilé-iṣẹ́ mìíràn, èyí tí Ọ̀gá Jacob máa ń pè ní ọ̀tá wa.

"Ṣé ó dáa?"

Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ dúró lójú títì. Ọ̀gá Jacob ń sọ̀ kalẹ̀. Àpò ọṣẹ ilé-iṣẹ́ wọn wà léjìká Bámiṣayé. Gbólóhùn kan péré, ọkùnrin yìí á di oníbàárà rẹ̀.

"Ó dáa," ni Bámiṣayé wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí.

"Bámiṣayé! Ọṣẹ ta lò ń tà?"

Bámiṣayé gbé páálí karùn-ún kalẹ̀ fún ọkùnrin náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba owó rẹ̀, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, ó gbé e sórí tábìlì Mùsílímátù. Mùsílímátù sálámà, ó parí ìrun, ó jáde, ó mú owó náà, ó fi kan ọjà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti tajé. Kí ló wà nínú àpò ẹ?"

Ọ̀gá Jacob sáré bọ́ síwájú. "Màdáámù, ọṣẹ wa yìí..."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀? Ẹni tó bá mi tajé ni mò ń bi."

Bámiṣayé yọ ẹyọ kan. Gbogbo ohun tó há sórí ti lọ. "Ó ń hó dáadáa, Ìyá. Àmọ́ ó ń yára yọ́. Kí wọ́n má gbàgbé ẹ̀ sínú omi."

Ọ̀gá Jacob pa ojú dé.

Mùsílímátù fi èékánná họ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. "Páálí méjì. Bí kò bá tà, ìwọ lo máa wá kó o."

"Màá wá kó o, Ìyá."

Ọ̀gá Jacob yọ ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. "Ìsọ̀ kan. Ó pé. Ọjọ́ Ajé lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, aago méje." Ó wo Mùsílímátù. "Rárá. Aago mẹ́wàá."

Bámiṣayé sáré kúrò lọ́jà. Ó ti sáré débi tí Sámúẹ́lì ti ń ṣe káfíńtà, ó ti la ẹnu láti pè é, kó tó rí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra rìn lọ sọ fún Salome.