Ara Ta Ni?

Inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ń yìn mí pé mo gbọ́ èdè méjì.

Télọ̀ ni bàbá mi, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Marcory ní Abidjan. Ọdún kan kí ogun abẹ́lé tó dé ibẹ̀ ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní ó ku oògùn tí wọn yóò máa fà sí i lára. Faransé tirẹ̀ kò ju èyí tó fi ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà lọ. Èmi tí wọ́n bí sí Abidjan gbọ́ Faransé dáadáa, ṣùgbọ́n Yorùbá ilé ìdáná ni mo ní nígbà náà. Síbẹ̀ èmi ni ògbufọ̀, mo sì ń fi yangàn.

Dókítà ṣàlàyé títí. Ó ní sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kú, pé oògùn náà á bà á jẹ́ nínú títí yóò fi pa ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Elle se suicide, tout simplement,” pé ó kàn ń pa ara rẹ̀ ni. Bàbá mi kọjú sí mi. Mi ò mọ ohun tí Yorùbá ń pe sẹ́ẹ̀lì. Mo wò ó pé inú ara ni wọ́n kúkú wà.

“Papa, ó ní oògùn yẹn máa jẹ́ kí ara pa ara ẹ̀.”

“Ara ta ni?”

“Ara tiyín.”

Ó mi orí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi fọ́ níbẹ̀, mi ò tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ oògùn pé, ó ní òun ń rán aṣọ oníbàárà kan tó ń gbé àdúgbò Riviera. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ò lọ rárá. Mo bínú, mo pè é ní olórí kunkun lójú ìyá mi, èmi ọmọ tó bí. Ó ń tẹ máṣínì rẹ̀ lọ. Jẹjẹrẹ náà padà, ó wọ inú ẹ̀dọ̀, a sì sin ín kí ọdún tó yí po.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo tó ka bí oògùn yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìlànà kan nínú tó fi ń ṣe òmíràn, ó dà bí bébà tí bàbá mi fi ń gé aṣọ. Oògùn á ba bébà yẹn jẹ́ mọ́ sẹ́ẹ̀lì burúkú náà lọ́wọ́, kò ní lè gé òmíràn mọ́, á sì kú. Èyí tó kú nìkan ló kú. Ẹni tó ni ín á wà láàyè. Télọ̀ kankan á gbọ́ ìyẹn.

Mo lọ sọ fún ìyá mi, mo ní ká ní Papa gbọ́ báyìí ni.

“Ohun tí ìwọ sọ fún un ló gbọ́,” ó ní. “Ó ní òun ò ní gba oògùn tó máa jẹ́ kí òun pa ara òun, kí wọ́n má baà máa pè ẹ́ ní ọmọ ẹni tó pa ara ẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹ, torí ẹnu ẹ ló ti jáde.”