Ọkùnrin Tó Ti Bọ́mà Dé

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ọ̀fin ní Ṣàgámù, ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó lọ jagun ní Bọ́mà tó sì padà wálé láàyè. Kò fẹ́ ìyàwó. Aṣọ ló máa ń ró mọ́dìí nínú ilé, ó ní bí àwọn ọkùnrin Bọ́mà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó tún sọ fún wa pé àwọn ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń múra bí obìnrin láti bọ ẹ̀mí ìlú wọn, tí àgbààgbà sì ń kúnlẹ̀ fún wọn. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìfura-tìfura. Wọ́n ní Bọ́mà ló kó ìwà obìnrin ràn án. Ìyá àgbà mi, tó wẹ̀ ẹ́ lọ́mọ ọwọ́, á yínmú: "Kó tó wọkọ̀ ogun ló ti rí bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e. Lọ́dún kan, lọ́jọ́ Orò, àwa obìnrin ti sé ara wa mọ́lé nígbà tí àwọn ọkùnrin ṣílẹ̀kùn lójijì, tí wọ́n ti ọkùnrin yìí wọlé lé wa lórí. "Ẹ gba ẹgbẹ́ yín o!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló ṣáájú wọn. Ọkùnrin tí wọ́n bá sé mọ́lé pẹ̀lú obìnrin, ta ni yóò tún dá a lóhùn bí wọ́n bá ń pín ilé bàbá rẹ̀? Ìyá àgbà fún un ní àpótí jókòó, ó ní, "Ilé yẹn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìwà ẹ." Ọkùnrin náà ń sunkún, àánú rẹ̀ ṣe mí púpọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti di ẹrù rẹ̀ gba ọ̀nà Lìkosí lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó sí yàrá rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi tó ń bá àwọn tó ń jà fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, àti fún ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, ṣiṣẹ́ l'Ékòó fi fóònù hàn mí: àwọn ọ̀dọ́ Bọ́mà ń rìn lójú títì, àsíá aláràbarà lọ́wọ́ wọn.

"Màmá, wọ́n ń sọ fáwọn náà nílùú wọn pé òyìnbó ló kó o dé."

Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń sọ lórítamẹ́ta Ṣàgámù náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òkèèrè ni nǹkan ti wá, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń wá nílé.

Ó wá ní, "Ẹ sọ orúkọ bàbá yẹn fún mi. A fẹ́ ṣèpàdé, àwọn àlejò máa ti òkè òkun wá, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá náà níbẹ̀."

Mo fẹ́ràn ọmọ náà, ṣùgbọ́n n kò mọ àwọn àlejò rẹ̀. Wọ́n á wọ bàálù padà sílé wọn, òun ni ọlọ́pàá máa bá nílẹ̀. Ayé ti yí padà. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn lè sá dé Lìkosí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má bá a débẹ̀. Lónìí, kò síbi tí fóònù ò ní bá ọ dé.

Mo ní mo ti gbàgbé. Irọ́ ni. Mo rántí orúkọ rẹ̀, mo rántí oríkì tí ìyá àgbà fi ń kí i. Mo ṣì ń wo ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ni.